Wọ́n Ti Gé Àpò Oúnjẹ Kù, Iṣẹ́ Wo Ló Tún Kù?

Ìgbà tẹ́ ẹ jẹ ẹ̀bà kẹ́yìn, ṣé ẹ rún un lẹ́nu kẹ́ ẹ tó gbé e mì? Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ta ló ń rún òkèlè? A bù ú, a yí i lọ́wọ́, a fi kan ọbẹ̀, ó di ọ̀nà ọ̀fun. Ọmọ tó bá ń jẹ ẹ̀bà lẹ́nu bí ẹni ń jẹ búrẹ́dì, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àpò oúnjẹ tó wà nínú ikùn wa ló ń gbà wá láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń nà bí rọ́bà, ó sì lágbára láti po òkèlè pọ̀ mọ́ omi inú rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi ṣàn bí ọ̀gì. Tí wọ́n bá wá gé èyí tó pọ̀ jù nínú àpò yẹn kúrò ńkọ́?

Mo ní àǹtí kan tó ń gbé nítòsí Ẹ́sítéètì Ìbà, tó ń ta aṣọ ọmọdé lọ́jà Ìyànà Ìbà. Oṣù 17 rèé tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín àpò oúnjẹ kù. Kílò 130 ló wọ̀n nígbà yẹn, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, orúnkún ò sì jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn. Èmi ni mo máa ń tẹ̀lé e lọ rí dókítà. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n kọ èyí, ó kàn ní kí n má dárúkọ òun. Ó ní, “Àbúrò, kọ ọ́ kí wọ́n yéé sọ fún mi pé ọ̀nà àbùjá ni mo gbà.”

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ la nǹkan kan yé ara wa. Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe BBL, kì í sì ṣe èyí tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá jáde lábẹ́ awọ. Ìrísí ara ni àwọn yẹn ń tún ṣe. Èyí jẹ́ ìtọ́jú àìsàn, inú àpò oúnjẹ àti ìfun sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Nínú sleeve gastrectomy, dókítà á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò oúnjẹ kúrò pátápátá, èyí tó kù á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Èyí ni àǹtí mi ṣe. Nínú gastric bypass, wọ́n á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè, wọ́n á wá so ìfun mọ́ ọn, kí oúnjẹ má baà gba inú àpò ńlá àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá mọ́. Edward Mason, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1966.

Ẹ mú píọ̀wọ́tà kan dání. Ìdajì lítà ni. Àpò oúnjẹ àgbàlagbà lè gba ìlọ́po méjì rẹ̀, àní ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn sleeve, ohun tó máa gbà kò ju mílílítà 100 sí 150 lọ, kò tó ìdá mẹ́ta píọ̀wọ́tà kan. Ti bypass tilẹ̀ kéré sí i: nǹkan bí mílílítà 30, síbí ìjẹun ńlá méjì.

Kì í ṣe fún ẹni tí ṣòkòtò kàn ń fún o. Lọ́dún 2022, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ yìí lágbàáyé gbà pé ó tọ́ fún ẹni tí BMI rẹ̀ bá tó 35, tàbí 30 tí ìtọ̀ ṣúgà bá wà níbẹ̀. Ẹni tó ga tó mítà 1.65 gbọ́dọ̀ wọ̀n tó nǹkan bí kílò 95 kí BMI ẹ̀ tó pé 35. Ìwọ tó o jẹ́ lẹ́pa tẹ́lẹ̀, tó o wá ní ikùn díẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò ní LASU, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn ẹ́.

Ní báyìí, apá tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí àpò ṣe kéré yẹn nìkan ló ń mú ara fúyẹ́. Rárá. Lọ́dún 1999, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Japan, Masayasu Kojima àti Kenji Kangawa pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, ṣàwárí họ́mónù kan tí wọ́n pè ní ghrelin. Àpò oúnjẹ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pàápàá apá òkè tó rí bọ̀lọ̀bọ̀lọ̀. Tí ebi bá tó àkókò, ghrelin á ròkè nínú ẹ̀jẹ̀, á ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé oúnjẹ dà. Apá òkè yẹn gan-an ni sleeve ń gé dànù. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ á máa yára dé ìfun, ìfun náà á sì tú họ́mónù mìíràn jáde, GLP-1, èyí tó ń sọ fún ọpọlọ pé ó tó. Ẹ ti gbọ́ orúkọ Ozempic, àbí? GLP-1 yìí kan náà ni oògùn yẹn ń fara wé.

Nítorí náà, ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ebi kì í fi bẹ́ẹ̀ pa àǹtí mi. Á jókòó ti ìsọ̀ ẹ̀ láti àárọ̀, ọ̀sán á pọ́n, kò ní rántí oúnjẹ. Àwa la ń rán an létí. Ó dà bí àǹfààní, ewu sì wà níbẹ̀, torí ara tí kò rí oúnjẹ tó máa ń jó ọ̀rá, ó sì máa ń jó iṣan mọ́ ọn. Láti dáàbò bo iṣan, àwọn dókítà ń fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ purotéènì tó gíráàmù 60, ó kéré tán, lójúmọ́. Ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù 6. Ẹ ṣírò ẹ̀: ẹyin mẹ́wàá, nínú àpò tí kò gbà ju ẹyin méjì lọ lẹ́ẹ̀kan!

Ibí yìí ni òkèlè ti wá di ọ̀ràn. Gàrí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní purotéènì rárá. Tí ẹ̀bà bá ti kún àpò kékeré yẹn, kò sí àyè fún ẹja mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀bà, fùfú àti iyán ń lẹ̀ mọ́ra, ọ̀nà tó wọ àpò tuntun náà sì tẹ́ẹ́rẹ́. Òkèlè kan tí a kò rún lè dúró síbẹ̀ bí kọ́ǹténà tó dábùú títì Àgbádárìgì. Ó ṣẹlẹ̀ sí àǹtí mi ní oṣù kejì, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Òkòkomáíkò. Fùfú tí kò ju àtàǹpàkò lọ ni. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, ó sáré lọ sẹ́yìn ilé lọ pọ̀ ọ́. Ìyàwó ilé tó gbé oúnjẹ fún un dúró tì í, ó ń bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé oyún ni?”

Bó ṣe ń jẹun báyìí rèé. Ẹja ló kọ́kọ́ ń jẹ, tàbí ẹyin, tàbí mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀fọ́ á tẹ̀ lé e. Tí àyè bá ṣẹ́ kù, á wá bu àmàlà tó tó síbí kan, tó rọ̀ dáadáa, á rún un. Bẹ́ẹ̀ ni, á rún àmàlà. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà òun kí ahọ́n òun tó gbà pé nǹkan tí wọ́n ń rún ni. Pọ̀nmọ́ ti di ìtàn, torí kò ṣe é rún kúnná, kì í sì í ṣe orísun purotéènì gidi fún ẹni tí àyè inú ẹ̀ kò pọ̀. A ṣoríire pé Ọ̀jọ́ jẹ́ ìlú àwọn Àwórì etí omi, ẹja kò wọ́n wa lójú. Nǹkan bí gíráàmù 100 ẹja síse ní gíráàmù 20 purotéènì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀wà náà dára, tí wọ́n bá sè é tó rọ̀, tàbí tí wọ́n sọ ọ́ di gbẹ̀gìrì.

Omi kò gbọ́dọ̀ bá oúnjẹ wọlé pọ̀. Tó bá jẹun tán, á dúró fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó mumi, torí omi á gba àyè, á sì tún lè ti oúnjẹ sáré wọ ìfun. Ẹ wá wò ó bí ẹni tó jókòó sínú oòrùn ọjà Ìyànà Ìbà ṣe máa mu omi tó lójúmọ́ nígbà tí kò lè gbé píọ̀wọ́tà kan dà sọ́fun. Díẹ̀díẹ̀ ni, látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bí ẹni ń tọ́ oyin wò.

Ọtí ẹlẹ́rìndòdò jẹ́ ọ̀tá méjì lẹ́ẹ̀kan. Gáàsì inú ẹ̀ ń wú àpò kékeré náà, ṣúgà inú ẹ̀ sì ń yára wọ ìfun. Pàápàá fún ẹni tó ṣe bypass, ṣúgà tó bá ya lu ìfun lójijì lè fa òógùn, kí àyà máa lù kìkì, kí inú máa run, kí òòyì sì kọ́ èèyàn. Ọtí líle tún burú jù: lẹ́yìn bypass, ó máa ń yára gun orí, ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012 sì fi hàn pé ìṣòro ọtí àmujù ń pọ̀ sí i ní ọdún kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Nínú èdè wa, “o ti rù” kì í ṣe oríyìn. Ẹni tó bá rù, àìsàn ló ń ṣe é, tàbí ọkọ ò tọ́jú ẹ̀, tàbí owó ti tán. Nígbà tí kílò 20 ti kúrò lára àǹtí mi, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwa àbúrò ẹ̀ lábẹ́lẹ̀ bóyá “àìsàn yẹn” ni. Irun orí ẹ̀ tún ń já ní oṣù kẹrin, ìyẹn wá fi epo sí iná ọ̀rọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀, irun jíjá láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wọ́pọ̀ gan-an: ara tó ń joro kíá á dá ìdàgbàsókè irun púpọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, irun náà á sì padà hù tí oúnjẹ bá pé. Àwọn tó ti mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà ò sì sinmi, wọ́n ní ó ra ara tuntun ni. Gbajúmọ̀ aláwàdà Real Warri Pikin jáde sọ fún gbogbo ayé pé iṣẹ́ abẹ lòun ṣe, irú ọ̀rọ̀ kan náà ló gbọ́. Tèmi ni pé ẹni tó bá rò pé ọ̀nà tó rọrùn nìyí, kó lọ fi oṣù kan rún àmàlà ná.

Àmọ́ ọdún àkọ́kọ́ kọ́ ló le jù. Láàárín oṣù 12 sí 18 ni òṣùwọ̀n sábà máa ń dúró sójú kan. Àpò náà ti nà díẹ̀, ebi ti ń rántí ọ̀nà ilé, èèyàn sì ti mọ irú oúnjẹ tó ń wọlé wọ́ọ́rọ́ láìkún inú: bisikíìtì, pọ́fpọ́fù, áísíkiriìmù. Àǹtí mi dé kílò 93, ó dúró síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó di 95. Ọjọ́ yẹn ló sunkún nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó ní, “Gbogbo owó yẹn, gbogbo ìyà yẹn, ó tún ti ń padà.”

Sáyẹ́ǹsì ní nǹkan tó fẹ́ bá a sọ. Ní Sweden, láti 1987, Lars Sjöström àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ̀ lé àwọn èèyàn tó lé ní 2,000 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, àti iye tó fara jọ ọ́ tí wọn ò ṣe é. Àwọn tó ṣe gastric bypass pàdánù nǹkan bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wọn láàárín ọdún kìíní sí ìkejì. Ní ọdún kẹwàá, ó kù sí ìdá 25. Ẹ fi ṣírò ẹni tó wọ̀n kílò 130: kílò bí 41 ló kúrò, nǹkan bí 9 padà wá, 32 ò padà. Àwọn tí wọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan láàárín ọdún mẹ́wàá náà. Kílò méjì tó padà, inú ohun tí wọ́n ń retí ló wà.

Kí ló dé tí ara ń wá ọ̀rá ẹ̀ padà? Torí kò mọ̀ pé ọ̀rá ti pọ̀ jù. Ó rò pé ìyàn mú ni. Ìwádìí Kevin Hall tó jáde lọ́dún 2016 ṣàlàyé èyí dáadáa. Ó tẹ̀ lé àwọn èèyàn 14 tí wọ́n kópa nínú ètò tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ The Biggest Loser, níbi tí eré ìdárayá àti oúnjẹ ìdíwọ̀n ti mú wọn fúyẹ́ láìsí iṣẹ́ abẹ. Wọ́n pàdánù kílò 58 ní ìpíndọ́gba láàárín ọ̀sẹ̀ 30. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, kílò 41 ti padà. Ara wọn sì ń jó nǹkan bí kálórì 500 dín sí ohun tó yẹ kí ara tó tó tiwọn máa jó lójúmọ́ nígbà ìsinmi. Kálórì 500 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gàrí gbígbẹ gíráàmù 140, ẹ̀bà tó tó ẹnì kan jẹ! Ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n o. Ara wọn ló ń ṣọ́wó ná. Họ́mónù tí iṣẹ́ abẹ ń yí padà ló ń jẹ́ kí ìjà náà rọjú, kò fòpin sí i.

Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni ni iṣan. Iṣan ń jó agbára ju ọ̀rá lọ, kódà lórí ìjókòó. Kò sí owó jíìmù lọ́wọ́ àǹtí mi, eruku àti ọkọ̀ títì Àgbádárìgì kò sì ṣe é rìn ní ìrọ̀lẹ́, nítorí náà inú Ẹ́sítéètì ló ti ń rìn, ní kùtù, kí ọjà tó pè. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ á jókòó, á dìde lórí àga nígbà 15, á sinmi, á tún ṣe é. Á gbé kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 5 ní ọwọ́ méjèèjì, á fi lọ, á fi bọ̀ nínú kọ̀rídọ̀. Àwọn ọmọ àyálégbé ń kà fún un.

Mo fẹ́ fara balẹ̀ síbi tó kàn yìí, torí ibẹ̀ lẹ̀mí wà. Tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí bá ń bì léraléra fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ má jókòó sílé. Fítámì B1 kì í pẹ́ lára, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló lè tán. Tó bá tán, ẹsẹ̀ á máa kú tipiri, ìrìn á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ojú á máa rí nǹkan ní méjìméjì, èèyàn á máa sọ ìsọkúsọ. Ní àdúgbò wa, ohun tí kẹ́mísì máa kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n fa omi sí i lára, omi oní-glucose. Glucose láìsí B1 lè mú kí ọpọlọ bàjẹ́ kíákíá sí i. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ fa omi náà pé iṣẹ́ abẹ àpò oúnjẹ ló ṣe, kí wọ́n fún un ní B1 ṣáájú tàbí pọ̀ mọ́ ọn. Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ fún ààwẹ̀ àti àdúrà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀fọ́rí ńkọ́? Alábùkún tí gbogbo wa mọ̀, aspirin wà nínú ẹ̀. Aspirin àti ibuprofen lè dá ọgbẹ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti so àpò mọ́ ìfun, pàápàá lára ẹni tó ṣe bypass. Paracetamol ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n lò.

Obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti ń ṣe ségesège nítorí ọ̀rá lè déédéé lóyún bí ara ṣe ń fúyẹ́. Àwọn dókítà sì ń fẹ́ kí oyún dúró fún oṣù 12 sí 18 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ọmọ má baà bá ìyá tó ń joro pín oúnjẹ tí kò tó. Ẹni tó ṣe bypass kò gbọ́dọ̀ gbọ́kàn lé oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró nìkan.

Fítámì àti àwọn èròjà bí irin, B12, kálísíọ̀mù àti fítámì D kì í ṣe ti oṣù mẹ́fà, títí ayé ni. Irin àti B12 tó bá lọ sílẹ̀ á fa àìtó ẹ̀jẹ̀, kálísíọ̀mù tó bá lọ sílẹ̀ á jẹ egungun. Bẹ́ẹ̀ ó lè pé ọdún méjì kí èèyàn tó mọ̀ ọ́n lára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní oṣù 3, 6 àti 12, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ń bèèrè iye tí iṣẹ́ abẹ náà jẹ́, kó bèèrè iye àyẹ̀wò àti fítámì mọ́ ọn, torí ilé ìwòsàn aládàáni ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa, àpò ara ẹni lowó náà sì ti ń jáde.

Àyẹ̀wò tiwa tó kàn di oṣù tó ń bọ̀. Rélùwéè Blue Line tí wọ́n ṣí lọ́dún 2023 kò tíì dé Òkòkomáíkò, Mile 2 ló ti ń yí padà, nítorí náà aago márùn-ún ìdájí la máa kúrò nílé, kí gosílóò tó dé. Àǹtí mi á di ẹyin bíbọ̀ méjì sínú ìkòkò kékeré, ọ̀kan fún ojú ọ̀nà, ọ̀kan fún ìgbà tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ tán. Òṣùwọ̀n àná sọ pé kílò 94.